Irin Tí Jùbrílù Yàn

Láti ìgbà tí Bùsírátù, ìyàwó Jùbrílù, ti wọ bàálù lọ bá Ummulkulthum, ọmọ wọn tó bímọ sí ìlú Òyìnbó, ni ilé wọn n'Ìbarà ti pa lọ́lọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ. Ọdún ti yípo. Jùbrílù ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ n'Ìkẹjà, kò sì sí ohun tó ń gbé e jáde mọ́ àfi oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Odeda. Nígbà tí awakọ̀ tó ń bá a kó ẹ̀gẹ́ ṣí lọ sí Ṣàgámù, ó ní òun yóò fọwọ́ ara òun jó irin pọ̀ di ọmọlanke onítáyà méjì tí mọ́tò òun yóò máa fà.

Ó lọ sọ́dọ̀ Mọ́ṣúdù tó ń ta irin ní Láfẹ́nwá. Ó nawọ́ sí ṣánẹ̀lì, irin kìǹbà-kìǹbà tó rí bíi gọ́tà.

“Èyí ni mo fẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀.”

Mọ́ṣúdù wo mọ́tò kékeré tó gbé wá. “Bàbá, irin yìí nìkan ti di ẹrù fún mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó kó ẹ̀gẹ́ lé e. Ọ̀pá tó máa so mọ́ ìdí mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi ṣánẹ̀lì ṣe. Ẹ fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe férémù, ìyẹn egungun ọmọlanke náà, kì í tètè lọ́. Ẹ wá fi áńgù, irin tó ṣẹ́ po bí igun ilé, yí etí rẹ̀ ká, kí pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi jókòó.”

Jùbrílù gbà. Síbẹ̀ kò tètè lọ. Ó ń béèrè ohun tóun fúnra rẹ̀ mọ̀, torí ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bá a sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ta ló máa bá yín di orí kejì mú tẹ́ ẹ bá ń jó o?” Mọ́ṣúdù bi í.

“Èèyàn wà nílé,” ni Jùbrílù wí.

Kò séèyàn nílé. Búlọ́ọ̀kù ló fi gbé orí kejì, ó fi okùn dè é mọ́ irin fèrèsé. Bó ti jó ọ̀tún, òsì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ó gé e, ó tún un jó. Nírọ̀lẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Ummu, mo ti yan irin o. Páìpù onígun mẹ́rin ni mo—”

“Bàbá Ummu, ẹ má bínú, ọmọ ń ké. Mo máa pè yín padà.”

Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Kò dún títí tó fi sùn.

Ọjọ́ tó wa ọmọlanke náà lọ sóko, ó kó ẹ̀gẹ́ kún un, irin náà kò lọ́, kò sì ké. Inú rẹ̀ dùn títí tó fi délé. Ẹnu géètì ló ti há, níbi tó ti ń fi ẹ̀yìn mọ́tò wọlé torí ọgbà rẹ̀ kò fẹ̀ tó láti yí po. Tó bá yí ọwọ́ mọ́tò sọ́tùn-ún, ọmọlanke a forí lé òsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ wò ó, ó padà wọnú mọ́tò, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ì bá dúró lẹ́yìn kó máa pariwo pé, “Máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó!” ṣùgbọ́n gbogbo géètì àdúgbò ló wà ní títì.

Wọ́n ti ń pe ìrun mọ̀gàríbì nígbà tó tú ọmọlanke sílẹ̀ síta. Ó wa mọ́tò nìkan wọlé, ó mú apẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹ̀gẹ́ wọ inú ilé díẹ̀ díẹ̀.