Ọjọ́ tí Mo Kí Kìnnìún

Òórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ń hó nínú ewé ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra lọ wo kìnnìún. Ìyá mi ti dáná sẹ́yìn ilé wa ní Kábà, ó ń di oúnjẹ ọ̀nà fún èmi àti bàbá mi, ó sì ń ṣàròyé pé òun ò rí irú èyí rí, kí èèyàn máa gun mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí ẹranko tí kò ní í pa jẹ. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, n kò sì tíì kọjá Ògìdì rí.

Tíṣà ni bàbá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní K, kìnnìún, tó ń yà á sójú pátákó pẹ̀lú gọ̀gọ̀ ńlá bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n tú. Kò fojú rí kìnnìún rí. Lọ́dún yẹn ni dókítà sọ fún un pé àìsàn ojú tó ń ṣe é kò gbóògùn mọ́, pé díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò máa lọ. Ó ti ń fọwọ́ wá kọ́ọ̀bù kiri lórí tábìlì. Kò sunkún o. Ohun tó sọ ni pé ojú òun kò ní í lọ láìrí ẹranko tí òun ti ń yà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó mú èmi dání kí n lè máa tọ́ka nǹkan sí i.

Bàbá yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. Nílẹ̀ wa, “Okun o” la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun náà la fi ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ àti ẹni tí nǹkan ṣe. Bí mo bá kọjá lára àgbà láìlanu, bàbá mi á pè mí padà: “Lọ kí wọn. Ẹnu rẹ ò ní í bó.” Màá sì padà lọ kúnlẹ̀, bó ti wù kí omi orí mi wúwo tó.

Igbó tí ìjọba fi pamọ́ fún àwọn ẹranko náà wà lápá Bọ̀gú. A sùn nítòsí ibẹ̀, ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀ tí kò ní òrùlé pẹ̀lú àwọn àlejò mélòó kan. Aṣọ́gbó tó wà wá jẹ́ ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kìnnìún tó kù kò pọ̀ mọ́, ìbọn àti májèlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán. Á bẹ̀rẹ̀ wo ipasẹ̀ nínú iyanrìn, á ní abo lèyí, èyí ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọkùnrin náà wú mi lórí púpọ̀. Ó kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ó dá ọkọ̀ dúró, ó nawọ́. Kìnnìún kan dùbúlẹ̀ nínú koríko gbígbẹ, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo rí i kíá. Bàbá mi kò rí i.

“Níbo?” ló ń béèrè wúyẹ́wúyẹ́. Mo di orí rẹ̀ mú, mo yí i síbẹ̀.

“Koríko ni mò ń rí.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Aṣọ́gbó ti ń na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ká lè máa lọ. Àánú bàbá mi ṣe mí dé ọkàn. Mo tún wo kìnnìún náà: àgbà nìyí níwájú wa, a sì fẹ́ kọjá láìkí i. Mo kúnlẹ̀ lórí àga ọkọ̀, mo lanu gbàgà.

“Okun o, bàbá!”

Kìnnìún náà gbé orí sókè. Ó yíjú sí wa, ó dìde, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ tó ń wò wá. Gọ̀gọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan rárá, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó wá rọra rìn kọjá bí ẹni tó ń lọ sóko rẹ̀.

“Mo rí i,” ni bàbá mi ń wí. “Mo rí i o! Ẹ wo èjìká!”

“Háàbà!” Aṣọ́gbó bínú sí mi. “Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ni bàbá mi dáhùn. “Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Aṣọ́gbó wo omi tó ń dà lójú bàbá mi, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, ní Ìyàrá. Gọ̀gọ̀ kékeré ni mo ń yà fún kìnnìún tèmi. Ṣùgbọ́n ẹnu tó kí kìnnìún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ní ìpàdé, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì nítorí ojú àwọn ọ̀gá, ilé ni mo sì máa ń rántí ohun tó yẹ kí n sọ. Ojú ń tì mí bí mo bá ro ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn.

Ojú bàbá mi ti lọ pátápátá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dé ilé, mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sorí kọ́. Mo rò pé ó ń sùn, mo yọ́ ẹsẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

“Ta ló ń kọjá láìkíni yẹn?”

Mo padà, mo kúnlẹ̀. “Okun o, bàbá.”

Ó gbé orí sókè, ó yíjú sí mi.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Mo ti rí ọ.”