Láfún Tó Ń Ró Lẹ́nu

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà ni Sẹ̀kínát jẹ Bàrúwà, owó ẹ̀gẹ́ tó rà láwìn nínú oko rẹ̀. Àdéhùn wọn kò gùn: bí láfún bá ti tà, kí owó dé.

Ìyá Sẹ̀kínát ló kọ́ ọ pé inú ọyẹ́ ni kéèyàn rẹ ẹ̀gẹ́, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbẹ ẹ́ kó funfun bí ẹfun, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Lọ́dún yìí, Sẹ̀kínát rẹ ẹ́, ó fún un, ó sá a sẹ́yìnkùlé. Ọyẹ́ kọ̀, kò wá. Ooru ló mú, òjò sì tẹ̀ lé e, òjò ńlá nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́! Kó tó kó o wọlé, ìdajì ti bu.

Ó kó ìyókù lọ sórí ọ̀dà títì Ayétòrò. Gbogbo obìnrin ìlú ló mọ̀ pé bí oòrùn bá kanrí, ọ̀dà gbóná ju agbada lọ, láfún a gbẹ kíá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta fífọ́ ń gbà, wọn kì í bo ẹrù. Bí ọ̀kan bá kọjá, eruku a sọ lálá, èèyàn ò ní rí mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì.

"Ẹ bò ó, ẹ jọ̀ọ́!" Sẹ̀kínát pariwo.

Awakọ̀ kan yọrí. "Màmá, àbí títì lẹ fi ṣe àgbàlá ni?" Ó tẹ fèrè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọjà, Màmá Purity tó ń ra láfún lọ sí Ìdí-Ìrókò dé. Kò wọ̀n ọ́n rárá. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fi eyín lọ̀ ọ́ bí gbogbo oníláfún ti ń ṣe, ó sì tutọ́.

"Sẹ̀kí, ṣé yanrìn ni kí n lọ tà fáwọn ará Kútọnu?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jọ̀ ọ́, Màmá."

"Ajọ̀ wo ló ń mú eruku òkúta? Ìwọ náà fi eyín tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ikọ́ tó ti ń bá a fà á láti ìgbà tó ti ń jókòó ti títì tún gbé e. Ohun tó wà nínú láfún ló wà lọ́fun òun náà. Ọ̀fun nìkan ni kò ní oníbàárà tí yóò dá a padà.

Nathaniel tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló rà á níkẹyìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàrúwà gba owó náà lọ́wọ́ Sẹ̀kínát létí títì, ó kà á.

"Ó ku márùndínlọ́gọ́ta."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó da eruku sí i ńkọ́? Ṣé àwọn ò jẹ gbèsè ni?"

"Wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọkọ̀ òkúta mìíràn sáré kọjá. Bàrúwà fi fìlà bo imú, ó ń wúkọ́ lọ sílé. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta ṣì wà nílẹ̀.