Ìràwọ̀ Tí Èéfín Oko Ọba Bò

Òórùn táyà jíjó ló máa ń jí mi. Kí oòrùn tó yọ, bàbá mi á ti kírun Àsùbáà, wọ́n á ti ju táyà síná, wọ́n á máa fi sun awọ màlúù di pọ̀nmọ́ lẹ́yìn ilé wa ní Oko Ọba. Èéfín náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń fọ eyín.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Tíṣà wa kọ́ wa pé ìràwọ̀ ní iná tirẹ̀, pé oòrùn gan-an, ìràwọ̀ ni. Ó ní àgùàlà kì í ṣe ìràwọ̀, ayé bíi tiwa ni, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń yá lò. Ìràwọ̀ rẹpẹtẹ tó kóra jọ ló ń jẹ́ gálásì, gálásì ò sì lóǹkà nínú àgbáálá ayé. Orí mi wú. Ó ní ká jí ní ìdájí, ká ya ohun tá a bá rí lójú ọ̀run. Ẹni tó bá mókè á bá òun lọ sí Ìkẹjà, lọ fi awò ńlá wo ìràwọ̀.

Mo jí. Èéfín nìkan ni mo rí. Bàbá mi sì máa ń sọ pé, "Ohun tójú ò bá rí, kí ẹnu má jẹ́rìí sí i." Mo fi èédú kun bébà mi dúdú.

"Kí lèyí, ọmọ onípọ̀nmọ́?" Tíṣà ló bi mí bẹ́ẹ̀, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èéfín ni, sà."

"Ọ̀lẹ! O sùn ni!" Ẹgba bà mí lẹ́yìn.

Ọmọ lándìlọ́ọ̀dù kan láti àdúgbò Ọgbà ya Sátọ̀n, ayé mìíràn bí àgùàlà, tòun ti òrùka rẹ̀ tójú lásán ò lè rí láé. Inú ìwé ló ti dà á kọ. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Òun ló lọ. Títí dòní, inú ń bí mi. Ẹni tí èéfín ò dé òrùlé ẹ̀ ni wọ́n mú lọ wo ọ̀run!

Mo délé, mo jágbe mọ́ bàbá mi: "Èéfín yín ló fà á!" Lọ́jọ́ kejì, wọn ò dáná. Àwọn tó kó awọ wá gbé e lọ fún ẹlòmíì. Bàbá mi jókòó ti táyà tútù, wọ́n ń pè mí: "Jáde wá wòkè." Mo faṣọ borí. Ìbínú ò jẹ́ kí n jáde.

Èéfín ti ba ojú bàbá mi jẹ́ báyìí. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, wọ́n á bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé àgùàlà ti yọ?" Èéfín àwọn onípọ̀nmọ́ tó kù ṣì bo òkè. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò purọ́ nítorí awò, ẹgba ò sì mú un purọ́. Èmi àgbà, màá wa eyín pọ̀, màá ní, "Ó ti yọ, bàbá. Ó ń dán yanran."