Bọ́ọ̀lù Idẹ Inú Kabúrétọ̀

Bàbá mẹkáníìkì kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ń fi imú fa òórùn níwájú mọ́tò wa, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ọbẹ̀ ti jó. Ó ní, "Hẹn-ẹ́n! Mọ́tò yìí ti mu àmupara."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn mọ́tò, láàárín àpò ìyẹ̀fun òfìfo, ni Bọ̀ọ̀dá jókòó sí, àpótí páànù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni, òun ló sì ń wa mọ́tò náà, tó ń kó ìyẹ̀fun láti Creek Road lọ fún àwọn oníbúrẹ́dì Ajégúnlẹ̀. Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni. Pẹtiróòlù tí à ń rà sí mọ́tò náà kì í tó mọ́, bàbá mi sì ní Bọ̀ọ̀dá ló ń fà á tà. Ṣebí aṣọ rẹ̀ ń rùn pẹtiróòlù lójoojúmọ́? Ó ní kó padà sílé lọ roko. Gáréèjì la ń gbé e lọ tí mọ́tò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi ń sunkún níwájú, nítorí Bọ̀ọ̀dá nìkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nílé wa.

"Small madam, wetin?" ni bàbá yẹn bi mí. Mo ní wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá lólè pẹtiróòlù. Lábẹ́ igi furúùtù ni ọgbà rẹ̀ wà, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́. Kì í kánjú, ẹ má dá mi lóhùn! Orógbó ń ró wàmùwàmù lẹ́nu rẹ̀. Ó tú kabúrétọ̀, ibi tí pẹtiróòlù ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó yọ bọ́ọ̀lù idẹ kékeré kan níbẹ̀, ó mì í létí ara rẹ̀, ó sì gbé e sétí bàbá mi. Èmi náà gbọ́ bí pẹtiróòlù ṣe ń mì nínú rẹ̀.

Ó jù ú sínú omi gbígbóná tí ó fẹ́ fi po tíì. Ìfófòó wẹ́wẹ́ ń jáde lójú kan ṣoṣo.

"Ibi tó ti lu nìyẹn," ni ó wí. "Ṣe ni ó yẹ kó máa léfòó, kó ti ẹnu ọ̀nà bí pẹtiróòlù bá ti kún. Ó ti rì báyìí, ilẹ̀kùn ò tì mọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń dà sílẹ̀. Ta ló ń tún un ṣe lójú ọ̀nà?"

"Èmi ni, bàbá," ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn. "Gbogbo ìgbà ló ń dà sí mi lára."

Bàbá yẹn na bọ́ọ̀lù idẹ náà sí bàbá mi. "Na this one be your thief."

Ó yọ òmíràn lára ògbólógbòó mọ́tò kan nínú ọgbà, ó dán an wò nínú omi kan náà, ó fi èékánná tẹ irin kékeré tó yọ bí ahọ́n lára rẹ̀ díẹ̀, ó dè é sínú kabúrétọ̀. Mọ́tò jí, kò sì rú èéfín dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá níbẹ̀.

"Ibí kọ́," ni bàbá mẹkáníìkì wí. "Níbo lo ti pè é lólè?"

"Ní àgbàlá wa ni, bàbá. Gbogbo ayálégbé ló gbọ́."

"Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."

Háà! Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n wo ló ń bẹ àbúrò ní gbangba? Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, bàbá mi gbé àpótí páànù yẹn lé orí ara rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń sáré tẹ̀ lé e: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi." Kò gbé e fún un. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Àbúrò mi kì í ṣe olè. Èmi ni mo ṣì í sọ." Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ dìde. Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́kún.

N kò mọ orúkọ bàbá mẹkáníìkì yẹn títí dòní. Mo ti di ìyá àgbà, ẹnu mi sì mú, kì í ṣe irọ́. Bí mo bá ṣi ọmọ bú lójú àlejò, ojú àlejò yẹn náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ mi ní, "Màmá, ó tó, ẹ jẹ́ ká wọlé." Mo máa ń sọ fún wọn pé kò tíì tó, àwọn tó gbọ́ èébú kò tíì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.