Ọta Oníhò Tí Ọkọ Mi Kò Jù Sínú Ọ̀sà

Ó dìgbà o, Baba Dúpẹ́. Ó dìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé ìsìnkú yín yìí pé kí n sunkún yín bó ṣe yẹ kí opó sunkún ọkọ rẹ̀, àmọ́ inú tó ń bí mi kò jẹ́ kí omi ráyè dé ojú mi. Ẹ má bínú. Màá sunkún tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Gbogbo ẹni tó wá sin yín lónìí á ti rí i pé kì í ṣe inú agboolé baba yín la ti gbẹ́ ibojì. Wọ́n á máa bi ara wọn léèrè pé kí ló dé, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín, tí mo ti ń pè ní Baba wa láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, sọ fún mi níṣojú àwọn ọmọ pé bí mi ò bá kó àwọn ọta oníhò yẹn fún òun, kò sí ilẹ̀ fún yín nínú agboolé tí wọ́n bí yín sí. Inú mọ́ṣúárì lẹ ṣì wà nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọkọ mi, ọlọ́wọ́ ire, ẹni tí ń jí rédíò tó ti kú dìde. Ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Abúlé Òkúta, ẹ kì í ju nǹkan kan nù. Ojú mi rí tó lọ́wọ́ wáyà yín, torí mo máa ń bá a lábẹ́ ìrọ̀rí, mo máa ń bá a nínú garawa ìrẹsì. Ọmọrí ìkòkò mi kan ló di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ so ó mọ́ igi ìgbálẹ̀, ẹ kó ìfun rédíò sí i, ó sì di ẹ̀rọ tó ń han gooro tí irin tàbí òjé bá ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn púlọ́ńbà láti Onípánù dé Bàríga ló ń wá pè yín kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà fọ́ páìpù onípáìpù. Tí mo bá sì ń ráhùn ọmọrí ìkòkò mi, ẹ óò ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀rọ kì í parọ́. Ẹni tó gbé e dání ló lè parọ́.”

Nígbà tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀ tí alágbádá wọlé, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ayé ti yí padà, ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè lọ rò ó. Ìgbìmọ̀ kan jókòó ní káńsù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ni àwọn ará ilé yín bá rántí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàríga níbí. Wọ́n ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Wọ́n ní àná òde yìí ni àwọn apẹja dé, kí wọ́n kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní baba ńlá àwọn ló fi ìbọn ṣakabùlà lé ọ̀tá lọ létí omi yẹn, nígbà tí kò tíì sí apẹja kankan níbẹ̀. Wọ́n wá rántí pé àbúrò àwọn ní ẹ̀rọ tó lè wá ọta ogun náà jáde. Àbúrò tí wọ́n ń pè ní wèrè onírédíò tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n wá ń bu omi tútù fún.

Ẹ lọ. Mo bá yín lọ, torí mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọrí ìkòkò mi ń lọ. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹ gbẹ́ ìkarahun ìṣáwùrú kọjá, ó nípọn débi pé ihò náà mù yín dé itan, kí ọta òjé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, roboto roboto bí èkùrọ́. Ẹ sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní ọta ṣakabùlà ni, ẹ ní ogun jà níbẹ̀ lóòótọ́. Àṣìṣe yín nìyẹn, ọkọ mi, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Inú yín dùn jù pé ilé ti fẹ́ràn yín, ẹ kò sì fọ erùpẹ̀ ara ọta kí ẹ tó lanu. Wọ́n pa ewúrẹ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì lẹ tó rẹ ọta sínú omi. Ẹ rí i pé àwọn kan níhò, ihò tó la àárín wọn já. Ẹ yí wọn síwá, ẹ yí wọn sẹ́yìn, ẹ ò mọ ohun tó lè fà á. Ẹ kó gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì, ẹ padà sí Ìlàjẹ, ẹ sì fi han Ìyá Ẹ̀bùn, àgbà nínú àwọn apẹja, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn kò tiẹ̀ gbójú sókè dáadáa. Ó gba ọta kan, ó ti okùn bọ inú ihò rẹ̀, ó sún un sáàárín àwọn òjé tó ń fa etí àwọ̀n rẹ̀ rì sínú omi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

“Òjé àwọ̀n ni,” ó ní. “Bàbá bàbá mi náà máa ń gba ọta lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, wọ́n á lù ú níhò. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?”

Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ìgbà yẹn lẹ wá rántí bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀: àwọn oníhò tò tẹ̀ léra wọn lórí ìlà kan, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín èkíní àti èkejì. Àwọ̀n ló wà níbẹ̀. Okùn rẹ̀ ti jẹrà, òjé rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àwọn tí kò níhò wà ní òkìtì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò lù wọ́n. Ọta tí wọ́n bá yìn tó ba nǹkan a máa tẹ́ pẹlẹbẹ, kò sì sí ẹyọ kan tó tẹ́ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó jagun níbẹ̀. Apẹja kan ló gbé àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tí ìkarahun gun orí rẹ̀, Ìyá Ẹ̀bùn tó ti darúgbó yìí sì sọ pé bí òkìtì ìkarahun yẹn ṣe ga nígbà tí òun wà lọ́mọdé náà nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ní àná ni wọ́n dé ti ń pẹja níbẹ̀ láti ayé ṣakabùlà.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí, inú sì ń bí mi sí ara mi náà. Mo ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ apẹja. Ẹ ní ẹnu yín lẹ fi sọ pé ogun ni, ẹnu yín náà lẹ máa fi kó o jẹ. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹbí, ẹ da ọta sórí tábìlì, ẹ ní, “Ẹni tó bá lu ọta níhò, kò ní in lọ́kàn láti yìn ín mọ́.” Ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ ṣa àwọn oníhò jù sínú ọ̀sà, kí ẹ kó ìyókù wá fún ìgbìmọ̀. Ẹ kọ̀. Gbogbo agolo lẹ gbé lọ sí káńsù, ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n gbọ́ tẹnu Ìyá Ẹ̀bùn, wọ́n dá agolo padà fún yín, ọ̀rọ̀ lílé apẹja sì kú síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lẹ ti di ọ̀dàlẹ̀. Wọn ò wá síbi ìgbéyàwó Dúpẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá yín dùbúlẹ̀, ojú ọ̀nà lẹ ń wò lójoojúmọ́. Ẹ ò dárúkọ ẹni tí ẹ ń retí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Òpópónà kejì ni ẹ̀gbọ́n yín ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilé wa títí ẹ fi kú. Ìyá Ẹ̀bùn ló ń tẹ̀pá wá láti etí omi, tó ń gbé ẹja tútù wá kí n fi se ọbẹ̀ fún yín.

Ẹ kú tán, ni wọ́n bá di ẹbí. Wọ́n ní àwọn ló máa kọ ìtàn ìgbésí ayé yín sínú ìwé yìí. Mo ka ohun tí wọ́n kọ: wọ́n ní ẹ̀yin ni akọni tó hú ẹ̀rí ogun baba wọn jáde. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kó jẹ níṣojú wọn ni wọ́n tún fẹ́ kì bọ̀ yín lẹ́nu nígbà tí ẹ ò lè tu ú dànù mọ́. Mo yọ ọ́, mo kọ èyí dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́, ó sì lọ bá atẹ̀wé wa ní Ṣómólú pé kó fa ojú ìwé mi ya. Atẹ̀wé náà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ẹ̀yin lẹ bá òun wá páìpù tó ń jò lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù òun nígbà tí omi fẹ́ ba gbogbo bébà òun jẹ́, òun ò ní fa nǹkan kan ya, kí n tiẹ̀ kọ èyí náà kún un. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́.

Ilẹ̀ agboolé yẹn, kí wọ́n máa fi gbin ẹ̀gẹ́. Ìtẹ́ òkú ìlú là ń gbé yín lọ, Ẹ̀bùn àti àwọn apẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa gbé pósí yín, torí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má gbé e fún ẹlòmíì.

Àwọn ọta tí kò níhò, mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, nítorí òun ló ń wá ogun. Àwọn oníhò wà lórí okùn kan lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀bùn. Mo ní kí ayàwòrán yà wọ́n, àwòrán náà ló wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ jù sínú ọ̀sà ti wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá sin yín. Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín pàápàá, níbi tó jókòó sí ní ìlà iwájú.

Ẹ̀rọ yín ò parọ́, ọkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbé e dání náà ò parọ́. Ẹ sùn re o, Baba Dúpẹ́. Ẹ sùn re nínú ilẹ̀ tí a kò fi irọ́ gbà fún yín.