Savelugu tàbí Yendi, Nígbà tí Mo Fẹ́ Já Ọmọ Mi Lẹ́nu Ọmú

Ọmọ mi àkọ́kọ́, obìnrin ni, ti lé ní ọdún méjì, kò fi ọmú sílẹ̀. Èyí jẹ́ ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó kó àwọn géńdé sọ́ngò Tamale, àdúgbò tí àwa àlejò ń gbé, lọ sí ogun Bọ́má. A fi omi ewúro pa ọmú. Ó fi ọwọ́ nù ún, ó wo ojú mi, ó ń mu lọ. Kò jẹun, apá rẹ̀ sì ti ń tínrín. Ìyá ọkọ mi wò ó títí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Bí a ti ń ṣe é nílé wa nígbà náà ni pé ìyá ọmọ yóò lọ sun oorun mẹ́ta ní ìlú mìíràn, ọmọ yóò sì wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kí oorun mẹ́ta tó pé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọkọ mi ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ní òun yóò sìn mí lọ, pé ara òun náà fẹ́ ìsinmi. A ó kírun Jímọ̀ tán ká tó lọ, a ó padà lọ́jọ́ Ajé. Ìlú kékeré méjì ni a ti ní ẹni tó lè gbà wá sílé. Savelugu nìyí, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jí ní ìdájí lè fi ẹsẹ̀ rìn ín kó dé lọ́sàn-án. Yendi ló kù, ó jìnnà, ọkọ̀ kì í sì í lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Yendi ni," ọkọ mi wí. "Yàrá tí ọ̀rẹ́ mi máa fún wa níbẹ̀ ń gba atẹ́gùn."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Savelugu. Mo gbọ́ pé ẹyẹ awó wọn sanra."

Ìyá ọkọ mi ń ṣa ìrẹsì nítòsí wa. Kò gbójú sókè. "Ìyàwó mi, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ awó?"

"Mo máa ń jẹ ẹ́, Ìyá."

"Nínú ilé yìí? Egungun rẹ̀ dà?"

Ọkọ mi yíjú sí ògiri kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi pamọ́? Mo ní, "Ìyá, bí ara ọmọ kò bá wá yá ńkọ́?"

"Mo ti já mẹ́fà lẹ́nu ọmú. Èyí tó yíjú sógiri yẹn ló sunkún jù. Ẹ lọ síbi tó bá wù yín."

Savelugu la lọ. Ilé oníṣòwò obì kan, ará Ìlọrin, la dé sí. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi àti ọkọ mi máa jókòó tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é. Ó yẹ kí n gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmú mi kún, ó ń ro mí. Wọ́n pa awó fún wa lóòótọ́, mi ò lè gbé e mì. Ọkọ mi jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ní òun ń bá mi ṣe é kó má bàa ṣòfò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, oorun méjì ti lọ, mo di ẹrù mi, mo lọ jókòó sábẹ́ igi tí lọ́rì ń dúró sí. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

"Ṣé ilé lò ń lọ?"

"Mo kàn fẹ́ dúró lẹ́yìn ògiri kí n gbọ́ bó ṣe ń ṣe."

"Imú ọmọ yẹn? Á gbóòórùn rẹ láti ẹ̀yìn ògiri."

"Ṣé ẹ máa dá mi dúró ni?"

"Ìyá mi nìkan ló lè dá ọ dúró, wọn ò sì sí níbí."

Lọ́rì kan dé láti Tamale, ó ń lọ sókè. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìdì kékeré kan, ó wò wá, ó sọ ní Hausa pé ìyá àgbà kan ní sọ́ngò ní kí òun gbé e fún obìnrin tó bá jókòó ti ẹrù rẹ̀ lábẹ́ igi ní Savelugu.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú ìdì náà. Igbá kékeré ọmọ mi ló wà níbẹ̀, wọn kò fọ̀ ọ́. Kòkó ti gbẹ mọ́ ọn, ojú ìka ọmọdé sì hàn nínú rẹ̀ yípo, níbi tó ti fi ọwọ́ nù ún lá. Ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ka igbá yẹn dáadáa.

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ilé onílé wa. Ebi ń pa mí."

Nígbà tí a dé lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi wà lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà. Ó wá, ó gbọ́wọ́ lé mi láyà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀, ó sì padà lọ béèrè kòkó.

"Ṣé awó Savelugu sanra?" ni ìyá ọkọ mi bi mí.

"Ó sanra, Ìyá."

Ní báyìí, èmi làwọn ìyàwó ọmọ mi ń bi bóyá Savelugu ni àbí Yendi. Savelugu ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ. Igbá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi rán awakọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì bá ẹni tí mo fi í rán sí lábẹ́ igi.