Ìlà Kan Péré Nínú Kánẹ̀lì

Mi ò ní purọ́, mo ti kẹ́gàn ọkùnrin náà kó tó jókòó. Ó wọ kóòtù wá sí ọ́fíìsì wa ní Ògùdù nínú ooru tó mú bí iná, ó to kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì síwájú níbi tí ẹyọ kan ì bá ti tó, ó sì ní ká bá òun pa fáànù, pé ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun ronú. Ọ̀gá wa ló pè é wá pé kó wá bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké máa ń fi àwòrán ẹ́kísíréè ránṣẹ́ sí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwa a fún àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n kà, èsì a sì padà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Gbogbo ibi ló ń lọ déédéé àfi ilé ìwòsàn kan ní Kétu, níbi tí àwòrán kan ṣoṣo ti ń gba wákàtí kan kó tó dé. Ìyá kan tó ń gbé Alápẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń ya àwòrán níbẹ̀ tó sì ń fi í ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá náà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ti sọ fún àwọn pé bí àwòrán bá tún fi lè pẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kí àwọn máa lọ sílé, pé ọwọ́ àwọn ló ń fà. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ká tó bá alákóòtù náà wọ ìpàdé lọ́jọ́ náà, mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Nínú kánẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, òfin kan wà tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe yára tó bó bá ń ránṣẹ́. Òfin àtijọ́ ló wà lórí ẹ̀rọ Kétu. Bí nǹkan kékeré bá sọ nù lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ náà á gbà pé ọ̀nà ti dí, á sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ò dí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yẹn ni kò dáa, tó ń já nǹkan sílẹ̀. Ó dà bí alábàárù Mile 12 tí tòmátò kan já bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó wá ń rìn bí ìgbín títí dé ìdí ọkọ̀. Òfin tuntun wà nínú kánẹ̀lì kan náà, tó máa ń wo iye tó ń dé ibi tó ń lọ kó tó pinnu ìrìn rẹ̀. Ìlà kan péré lèèyàn máa kọ láti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Mo lè kọ ọ́ láti orí àga mi.

Mo lanu ní ìpàdé láti sọ ọ́. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè.

"Aunty, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní certificate ẹ̀ handle ẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ọ̀gá yìí. Mo panu mọ́. Inú bí mi, inú mi sì tún dùn, torí mo mọ̀ pé ìtìjú ń bọ̀, mo sì fẹ́ jókòó síwájú kí n rí i dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́gbọ́n wa da bí ọgbọ̀n ìlà tó ṣà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú kánẹ̀lì. Kò ka ọ̀kankan nínú wọn, torí àlàyé tí ẹni tó ni wọ́n kọ sí i nípa ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ló ń dà á sí, èyí tó kàn ń gba ẹrù. Ẹni tó ń ru ẹrù ló ń pinnu ìrìn, kì í ṣe ẹni tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Láti dán an wò, ó fi àwòrán ránṣẹ́ láti orí tábìlì kan sí tábìlì kejì nínú yàrá kan náà. Ó dé wàrà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, ó sì gbàdúrà ìdúpẹ́ lé ẹ̀rọ lórí. Àgbá òfìfo ní í pariwo, tiwa tún wọ kóòtù. Mo yínmú, mo mu omi mi.

Lọ́jọ́rú, àwòrán Kétu kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà na ẹ̀yìn, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ.

"Operator yẹn gan-an ni problem yín. Ọwọ́ ìyá yẹn ò yá."

Ọ̀gá gbé fóònù lójú mi, ó sì tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo tún yínmú. Mo ní kí n fún wọn ní ọjọ́ kan péré sí i, kí irọ́ náà lè já síta fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, alákóòtù kò gbé ìpè mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀gá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé mo lè bá òun wò ó. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́, kó lè tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wọ ẹ̀rọ Kétu láti orí àga mi, mo kọ ìlà kan péré yẹn, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì kó má baà pa rẹ́ bí iná bá lọ. Àwòrán tó kàn dé kí ọ̀gá tó dé ìdí àga rẹ̀. Ó pè mí ní Engineer. Ó dùn mọ́ mi débi tí mo rẹ́rìn-ín sókè.

Ìgbà yẹn ni mo tó pe ìyá Alápẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ kí wọ́n wò ó. Wọ́n ní ilé làwọn wà. Ilé ìwòsàn ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn láàárọ̀, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ní àwa ará ọ́fíìsì náà jẹ́rìí pé ọwọ́ àwọn ló ń fà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́. Mo ṣáà ń sọ pé nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí.

"A dúpẹ́, Aunty mi," ni wọ́n wí. "Ìgbà wo lẹ wá mọ ohun tó ń ṣe é?"

"Òní ni, ma."

Wọ́n ní kí Ọlọ́run máa fi kún ọgbọ́n mi. Mo ní àmín.